Àlejò Tó Kọ́ Ọmọ Onílé ní Yorùbá

Lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní yunifásítì tó wà ní Gidan Kwano lọ́jọ́ tí mo dé Minna, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun ni mí. Mo tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn títí. Kétu ni mo ti wá, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, n kò sì rí òkun kankan lọ́nà. Omi kan ṣoṣo tó tó omi tí mo gbà kọjá ni odò Ọya ní Jẹ̀bá, orí afárá ni mọ́tò wa gbà, oorun ni mo sì ń sùn. Ẹni tó jókòó tì mí jí mi pé kí n wá wo odò. Mo ní n ó wò ó nígbà tí mo bá ń padà lọ.

Akọ̀wé tó ń gba fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ọkùnrin kan tó ti lé lógójì ọdún, tó dé fìlà funfun, tó sì ń fi bírò ha etí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Bẹ̀nẹ̀. Ó ní ara Ẹdó ni mí nìyẹn, kí n lọ tò sọ́dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, pé ìlà àwọn àjòjì nìyí. Mo ní Bẹ̀nẹ̀ kejì ni. Ó ní Bẹ̀nẹ̀ mélòó ló wà láyé? Mo na pásípọ́ọ̀tù mi sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá bi mí pé èdè wo là ń sọ nílé wa. Gẹ̀ẹ́sì mi nígbà yẹn kò ju èyí tí ènìyàn lè fi wọ mọ́tò lọ, ó sì ti tán. Mo bá fi èdè wa dá a lóhùn.

"Yorùbá là ń sọ, sà."

Bírò tó wà létí rẹ̀ dúró. "Yorùbá? Ìwọ tí o wà lórí ìlà àwọn àjòjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kai!" Ó yí sí ẹnìkejì rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ó fi Haúsá sọ ọ́ fún un, àwọn méjèèjì sì fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa. Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ń wá ìwé-ẹ̀rí ló ń sáré lọ sí Kútọnu, èmi nìkan lòun rí tó ń bọ̀ lódìkejì, kí ló ń lé mi? Mo ní bàbá mi ló ní kí n wá kọ́ ẹ̀kọ́ ẹja sísìn ní Gẹ̀ẹ́sì, pé Faransé nìkan kò tó jẹ. Ó ní bàbá mi gbọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ pẹ́. Òótọ́ ni. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́, àwọn tó tètè dé sì ti gba gbogbo yàrá tó wà nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi. Ó wò mí, ó tún ha etí.

"Ṣé o gbọ́ Yorùbá dáadáa?"

"Dáadáa, sà."

"Kò sí Faransé nínú rẹ̀?"

"Kò sí, sà." Gbogbo ẹnu ni mo fi sọ ọ́.

Bí mo ṣe di ará ilé akọ̀wé náà ní àdúgbò Tudun Wada nìyẹn. Alájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Minna nígbà tí kò tí ì ní ìyàwó. Ìyàwó rẹ̀ tí ó fẹ́ níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Minna, ó ń ṣe tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ti ń sọ ọ́ lọ. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbúrò rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Níwájú ìyàwó rẹ̀ ni Alájì ti là á yé mi.

"Yàrá yìí, ìyá mi ni mo tún un ṣe fún," ó ní. "Ó ń dá gbé ní Ìlọrin, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa bá wa gbé. Lọ́dún tó kọjá, ó wá. Ó kí àwọn ọmọ mi, Haúsá ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wò ó ni. Lọ́jọ́ kẹta ó di ẹrù rẹ̀. Ó ní ojú òun ti ń lọ, bí òun bá tún wá sí ibi tí etí òun kò ti wúlò, kí ló kù fún òun?"

Àdéhùn wa kò le. Èmi yóò máa gbé inú yàrá náà, n kò sì ní bá àwọn ọmọ sọ èdè mìíràn àfi Yorùbá. Ní ìgbà ọyẹ́ ìyá yóò tún wá wò wọ́n. Bí wọ́n bá lè bá a sọ̀rọ̀, yóò dúró, yàrá á di tirẹ̀, èmi á sì wá ibòmíràn gbé ní Gidan Kwano. Mo ní mo ti gbọ́, mo dúpẹ́. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ni mo tó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí mo bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, mo ti fọwọ́ ara mi lé ara mi jáde nìyẹn. Bí n kò bá sì ṣe é dáadáa, ìyá arúgbó kan yóò máa fọwọ́ wá ògiri kiri ní Ìlọrin.

Kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ìlú náà kọ́kọ́ kọ́ èmi lọ́gbọ́n. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo rò pé kò sí ìlú tó fẹ́ràn iná mànàmáná tó Minna. Obìnrin kan wà tó máa ń din kósáì lẹ́nu géètì wa láàárọ̀, àkàrà ni àwa ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ina kwana?" Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé, iná kò wá ná. Mo yíjú padà wo gílóòbù fàráńdà wa, ó ń tàn. Mo nàka sí i, mo fi gbogbo ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, "Iná ti dé o, Ìyá. Ẹ wò ó lókè." Ó gbójú sókè, ó wo gílóòbù, ó wo èmi, ó ní, "To." Èmi gbọ́ ọ pé ó tó. Inú mi dùn pé iná náà tó o.

Bàbá oníkéwú tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà náà bá mi pàdé, ó ní iná kò wá ná. Mo bá a kẹ́dùn. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Gidan Kwano, bí ènìyàn bá ti ń wọlé báyìí, iná kò wá ná ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà délé lọ́sàn-án, obìnrin oníkósáì ti yí ohùn padà. Ó ní, "Ina wuni?" Iná wu ni! Mo ní, "Ta ni kò wù, Ìyá?"

Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fún gbogbo àdúgbò ní ìròyìn iná. Bó bá lọ, mo máa ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Lọ́jọ́ karùn-ún, èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì, ó gbọ́ ohun tí mo fi dá oníkósáì lóhùn, ó sì jókòó sílẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa gbé e ṣubú. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Haúsá púpọ̀ àti ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé fún mi pé ṣé mo sùn dáadáa ni obìnrin náà ń bi mí láàárọ̀ láti ọjọ́ yìí, ṣé ọjọ́ ń lọ dáadáa ló sì ń bi mí lọ́sàn-án. Ojú tì mí. Obìnrin náà kò bínú rárá. Ó ní òun rò pé bí wọ́n ṣe ń kíni ní ìlú mi nìyẹn, òun sì ti sọ fún àwọn oníbàárà òun pé bí wọ́n bá rí mi, kí wọ́n gbójú sókè wo gílóòbù kí inú mi lè dùn.

Lẹ́yìn èyí, ta ló fẹ́ gbà pé tíṣà ni mí? Yorùbá tí àwọn ọmọ náà ní lọ́wọ́ kò ju "wá jẹun" àti "ó dàárọ̀" lọ, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì máa ń sọ "ó dàárọ̀" yẹn. N kò kọ́ wọn lórí pátákó. Ìgbà tí a bá ń fọṣọ, tí a bá ń ṣa ẹ̀wà, tí mo bá ń di irun wọn, ìgbà yẹn ni mo ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń di irun rẹ̀ kò lè sá. Tàntí ni mo ní kí wọ́n máa pè mí, bí àwọn ọmọdé ti ń pe irú mi nílé.

Ohun tó kọ́kọ́ dá wa dúró ni pé nínú Haúsá, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Bí mo bá ní "ó ti lọ," wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ló lọ tàbí obìnrin. Mo ní kò kan Yorùbá, ó ti lọ náà ni. Èyí kékeré ní kò dáa bẹ́ẹ̀, a ní láti mọ ẹni tó lọ kí á lè pè é padà.

Lọ́jọ́ kan mo ti Gidan Kwano dé, ó rẹ̀ mí, èyí àgbà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Tàntí, ṣé ẹ jẹ ìdánwò?"

Mo ní ẹ̀wà ni mo jẹ.

"Rárá, ìdánwò. Ṣé ẹ jẹ ẹ́?"

Ìyá rẹ̀ ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá yege nínú ìdánwò ní Haúsá, jíjẹ ló jẹ ẹ́. Mo sọ òtítọ́ fún ọmọ náà. Mo ní n kò tí ì jẹ ẹ́, òun ló jẹ mí. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ̀wé nípa ẹja le ju egungun ẹja lọ, mo sì máa ń jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì tí mo ń kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ bá sọ sílẹ̀, títí kan ìgbà tó bá ní kí ẹnì kan pa fóònù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló gbà wá lákòókò jù. Nínú Haúsá tí wọ́n ń sọ nílé, bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá bàbá wọn sọ̀rọ̀, kò sì sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Nítorí náà, "Bàbá, o ti dé?" ni wọ́n ń sọ. Mo mọ̀ pé bí ìyá Ìlọrin bá gbọ́ "o" yẹn, kò ní jókòó kó tó padà. Mo bá wọn jà lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko: ẹ, ẹ, ẹ. Ọ̀rọ̀ náà wá wọ̀ wọ́n lára jù. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa wọ inú yàrá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sì gbọ́ tí èyí kékeré ń sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ìwé Tàntí. Ẹ jáde, ẹ dákun." Ewúrẹ́ náà kò jáde, ṣùgbọ́n mo rò pé kò sí ẹni tó tí ì bọ̀wọ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Nígbà tí a dé orí ìyá àgbà, mo kọ́ wọn pé Mémé ni kí wọ́n máa pè é. Bí gbogbo ọmọ ilé wa ti ń pe ìyá bàbá wọn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń pe tèmi láti kékeré, n kò sì rò ó rí pé ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn. Alájì gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní Yorùbá Kétu jinlẹ̀ o. Ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì pa á dé. Yorùbá tirẹ̀ ń tì í lójú, kò fẹ́ bá onímọ̀ jiyàn.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí òjò ń lọ sí òpin, àwọn ọmọ náà ti ń sọ ọ́ dáadáa, èmi náà sì ti fẹ́ràn yàrá yẹn jù. Igi dóńgóyárò ńlá kan wà lójú fèrèsé rẹ̀, ibòji rẹ̀ ń tutù, n kò sì fẹ́ rántí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Gidan Kwano ń gbé mẹ́fà mẹ́fà nínú yàrá kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, orúkọ ẹja nìkan ni mo ń kọ́ wọn: àrọ̀, ẹpìyà, àbòrí. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀kọ́ ni ẹ̀kọ́ ń jẹ́. Ìyá wọn ló rọra bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá ọkọ mi ń bọ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n máa bá a sọ?"

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Alájì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní fàráńdà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Gbogbo wa ni a ń gbọ́ ohùn obìnrin náà. Ó kí ọmọ rẹ̀, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni lọ́dọ̀ yín náà?" Aago méjì ọ̀sán ni. Oòrùn ń ràn gan-an. Alájì ní, "Ó ti ń ṣú bọ̀, Màmá," ó sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo dìde, mo wọ inú yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì obìnrin yẹn, ojú ara mi sì ń tì mí. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹja mọ́.

Ìyá dé ní ọjọ́rú kan nínú ọyẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e wá láti Ìlọrin, yóò sì padà lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, òun nìkan tàbí pẹ̀lú ìyá. A ti jáde sójúde, a tò sí abẹ́ igi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó lo ìborùn funfun, ó gbé orí sókè bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mémé," ni wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ kú ìrìn. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

Ìyá dúró. "Kí ni wọ́n pè mí?"

Èyí kékeré rò pé kò gbọ́ ni, ó bá gbé ohùn sókè dáadáa. "Mémé! Mémé!"

"Ṣé wọ́n ní mo ti di ewúrẹ́ ni?" ìyá béèrè.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní kó má bínú, pé bí a ṣe ń pe ìyá àgbà nílé wa nìyẹn.

"Níbo ni ilé yín?"

"Kétu ni, Ìyá. Ní Bẹ̀nẹ̀."

"Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé?"

Orí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni iyè mi ti sọ sí i. Mo rí ìwé tí a fi kọ́ wa ní Faransé ní kíláàsì kìíní, mo rí àwòrán ìyá arúgbó aláwọ̀ funfun kan tó ń hun súẹ́tà, mo sì rí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: Mémé. Èmi tí mo ní kò sí Faransé nínú tèmi! Bí ilẹ̀ bá là, n bá wọlé síbẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìyá fi mí sílẹ̀. Ó yíjú sí igi dóńgóyárò, ó na ìka sí i. "Ìwọ," ó ní, "ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá?"

Alájì, tó wà ní apá kejì rẹ̀ pátápátá, dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ṣé mo lọ gba tíṣà láti ilẹ̀ Faransé kó tó wọ̀ ọ́ létí?"

"Rárá, Màmá."

"Ẹnu tìrẹ ńkọ́? Ṣé ìjọba gbà á lọ́wọ́ rẹ ni?"

Alájì la ẹnu, "wallahi" ló jáde, ó tún pa á dé. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí kí n tó rí ojú rẹ̀. Omi ti kún un. Ìgbà náà ló tó yé mi pé láti oṣù mélòó kan tí mo ti wà nílé rẹ̀, Yorùbá ló ń bá mi sọ, Haúsá ló ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ, kò sì yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Àwa méjèèjì la jẹ̀bi, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló dùn ún jù.

"Níbo ni mọ́tò yẹn wà?" ìyá béèrè. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò ló kọjú sí. Gbogbo wa ń wò ó, kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún un.

Èyí kékeré dìde láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, Mémé. Ilé ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ẹ jẹ́ ká lọ." Ìyá tẹ̀ lé e. "Ẹ dúró. Àtẹ̀gùn ló wà níwájú yín. Ẹ gbé ẹsẹ̀. Ẹ tún gbé e. Ẹ rọra, ìyẹn ti fọ́ létí. Ó ku ẹyọ kan."

N kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti kọ́ ọ ní àtẹ̀gùn, mo ti kọ́ ọ ní ẹsẹ̀, mo ti kọ́ ọ pé kó máa sọ "ẹ rọra" fún àgbàlagbà. Ẹni tó tò wọ́n pọ̀ ni òun fúnra rẹ̀, nítorí ìyá kan fẹ́ ṣubú lójú rẹ̀.

Lórí fàráńdà, ìyá dúró kó lè sinmi. "Ta ló sọ fún ọ pé mi ò ríran?"

"Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Igi lẹ̀ ń bá jà, Mémé. Ẹ rò pé bàbá mi ni."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di òpó fàráńdà mú. Ó ní kí wọ́n bá òun bẹ igi náà. Nígbà tí Alájì sá lọ dojúbolẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ wá orí rẹ̀, ó rí i, ó sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́tò padà sí Ìlọrin láìsí ìyá nínú rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ má yí orúkọ padà. Ìyá àgbà ti pọ̀ jù ní Ìlọrin, ó ní, òun nìkan ni Mémé. Ó ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ Haúsá níbi tí òun bá jókòó sí. Òfin náà ni Alájì lára jù. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, á dúró láàárín rẹ̀, á máa wá ọ̀rọ̀ kan kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì bá a mú un. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ Yorùbá tí kò gún, ìyá ń tún un ṣe, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ wo ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin yẹn tó bẹ́ẹ̀? Inú mi dùn sí i.

Ìyá ti gba yàrá náà, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni mo sì ti ń sùn lórí ẹní. Alájì kò mọ bí yóò ṣe sọ fún mi pé kí n kó lọ. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, ó bi mí bóyá omi wà nínú àgbá, ó bi mí bóyá ìdánwò ti sún mọ́lé, ó tún bi mí nípa omi. Mo yọ ọ́ nínú ìṣòro. Mo ní mo ti rí àyè kan gbà ní Gidan Kwano, n ó kó lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́pọ̀lọpọ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò ní ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ìyá wúre fún mi nínú yàrá tó ti di tirẹ̀, ó fi Ọlọ́hun bẹ̀ mí pé kí n máa wá. Àwọn ọmọ bá mi gbé ẹrù dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Mo ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ lọ́nà, mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ewúrẹ́ gbé inú yàrá Mémé. Èyí àgbà rẹ́rìn-ín. Èyí kékeré kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọmọ yẹn, Haúsá ló fi ń sunkún. Bó bá ṣubú, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, "wayyo" ló ń ké. N kò gbìyànjú láti yí ìyẹn padà rí, ta ló ń kọ́ ọmọ ní ẹkún? Bí a ti rí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lókèèrè, ó gbá ẹsẹ̀ mi mú, ó sì bú sẹ́kún.

"Yéè, Tàntí mi o! Ẹ má lọ. Mo máa gbàgbé Yorùbá. Mo máa gbàgbé gbogbo rẹ̀, kí ẹ lè dúró kọ́ mi."

N kò mọ ẹni tó sọ àdéhùn wa fún un. Bọ́ọ̀sì dé, ó dúró, kọndọ́ ní kí n gbé ẹrù mi wá. Mo jókòó sórí báàgì mi, mo gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, bọ́ọ̀sì sì lọ láìsí èmi nínú rẹ̀.